Ìlà oríkì tó ń dá já bọ́ sójú ìwé kejì nínú LaTeX

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé oríkì àwọn ìdílé Ẹ̀gbá ni mò ń fi LaTeX (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìwé) tò níbí ní Abẹ́òkúta. Ìlà tó kẹ́yìn oríkì máa ń já bọ́ sójú ìwé kejì, òun nìkan. Ẹni tó ń kì í á ní láti dánu dúró kó tó ṣí ìwé, ìyẹn ò dáa rárá.

Mo fi \widowpenalty àti \clubpenalty (àṣẹ tó ń dènà kí ìlà kan dá wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ojú ìwé) sí 10000. Ìlà náà ò dá wà mọ́, àmọ́ àlàfo ńlá wá ń yọ láàárín ìpínrọ̀. \raggedbottom mú àlàfo kúrò, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ojú ìwé méjì tó kọjú síra ò dọ́gba mọ́. Mi ò lè máa fi \newpage (àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tuntun) gé e, torí àwọn àgbà ilé ṣì ń fi ìlà kún un.

Kí ni mo lè lò kí ojú ìwé méjèèjì máa jọ fi ìlà kan gùn tàbí kúrú fúnra wọn?