Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: táyà wo ni kí n dè mọ́ ọkọ̀ fún ìdíje ìgbà òtútù tó ń lọ sí Alaska?

Olùbéèrè, Tacoma:
Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, nítorí náà ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Èmi àti atọ́nà mi ti sanwó láti kópa nínú Alcan 5000 ti ìgbà òtútù, ìdíje ọkọ̀ tó ń gbéra ní Kirkland lẹ́bàá Seattle, tó sì ń gba inú Kánádà lọ sí Alaska. Mo gbé Subaru Outback mi lọ sí ilé ìtajà táyà kan ní àdúgbò wa. Mo sọ fún ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn pé òtútù tí mo ń lọ bá kì í ṣe òtútù eré. Ó mi orí, ó gba káàdì mi, ó sì de táyà tuntun mẹ́rin mọ́ ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo délé ni mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì rí i pé lẹ́tà M àti S nìkan, àmì ẹrẹ̀ àti yìnyín, ló wà níbẹ̀; kò sí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí òdòdó yìnyín wà láàárín rẹ̀, èyí tí í ṣe àmì táyà òtútù gidi. Mo padà lọ, wọ́n ní àwọn kì í gba táyà tó bá ti tẹ títì padà. Ọ̀gá wọn tún wá bi mí bóyá a máa ń rí òtútù rárá ní ilẹ̀ tí mo ti wá.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó kọ́kọ́ ṣe àdéhùn pé òun ni yóò jẹ́ atọ́nà mi ti já mi jù sílẹ̀, ó ní ìyàwó òun yóò bímọ ní oṣù kejì, ìgbà ìdíje náà gan-an, bí ẹni pé àná ni ó mọ̀ pé obìnrin náà lóyún. Mo ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ìyàwó tèmi náà kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ nítorí owó tí mo ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bi mí bóyá mo lè wakọ̀. Èmi ti wakọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn lóru nínú òjò ńlá, ojú ni mo fi ń wá ihò lójú títì. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè: ṣé kí n fara mọ́ táyà wọ̀nyí, àbí kí n ra onírin, èyí tó ní ìṣó irin kéékèèké lójú rẹ̀?

Ará Calgary:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ní ti òfin, táyà yín kò burú. British Columbia, ìpínlẹ̀ Kánádà tí ẹ ó gbà kọjá, ní kí a lo táyà òtútù ní àwọn òpópónà orí òkè láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹrin, wọ́n sì ń gba èyí tó ní M àti S bí ojú rẹ̀ kò bá tíì jẹ ju bó ti yẹ lọ. Ohun tí òfin gbà sì yàtọ̀ sí ohun tí yìnyín gbà. Rọ́bà táyà gbogboogbò bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà tí òtútù bá ti dé ìwọ̀n 7 Celsius. Bí ó bá wá di 30 nísàlẹ̀ òdo, kò ní lè di ilẹ̀ mú mọ́. Ẹ ra onírin. Washington gbà á láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kẹta, British Columbia náà sì gbà á ní ìgbà òtútù, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní dá yín dúró lójú ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Èmi kò mọ táyà, ṣùgbọ́n mo mọ ilé ọkọ. Ọmọkùnrin yìí, ṣé ìyàwó rẹ ni ó yẹ kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni, àbí àwa tí a kò rí ọ rí? Níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń sanwó láti sá fún òtútù, ìwọ ń sanwó láti lọ bá a nílé. Ìgbà kan tí òtútù pa iná gbogbo ìlú wa níhìn-ín, ní oṣù kejì ọdún 2021, inú ọkọ̀ ni a ti ń yáná, n kò sì gbàgbé rẹ̀ di òní.

Mẹkáníìkì, Minneapolis:
Ìyá wa, ẹ kú ìrántí ọjọ́ burúkú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ sọ ohun kan fún un, nítorí ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ yẹn léwu. Ọ̀gá, bí ọkọ̀ yín bá rì sínú òjò dídì, tí ẹ sì fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì láti yáná, ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì hú ẹnu sáléńsà jáde, nítorí bí èéfín kò bá rí ọ̀nà jáde, inú ọkọ̀ ni yóò padà sí, gáàsì olóró inú rẹ̀ kò sì ní òórùn tí ẹ fi lè mọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, táyà nìkan kọ́ ni òtútù ń bá jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi block heater, ẹ̀rọ iná tó ń mú ẹ́ńjìnnì móoru, sí ẹ́ńjìnnì yín, kí ẹ sì ní wáyà gígùn tí ẹ ó fi so ó mọ́ iná lóru; ní Fairbanks ní Alaska, ojú iná wà níbi ìgbọ́kọ̀sí púpọ̀ nítorí èyí. Ẹ yí ọ́ìlì padà sí èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0W, tí kì í ki jù nínú òtútù. Ẹ wo omi rédíétọ̀: ìdajì oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì pẹ̀lú ìdajì omi yóò gbé yín dé nǹkan bíi 37 Celsius nísàlẹ̀ òdo, Yukon, agbègbè Kánádà tó bá Alaska pààlà, sì lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì tó ti pé ọdún mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Mo ti rí ọkọ̀ tuntun tí kò jí ní òwúrọ̀, tí olówó rẹ̀ dúró tì í, tó ń pariwo mọ́ ọn bíi ẹni tó ń jí ọmọ tó fẹ́ pẹ́ dé ilé-ìwé.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, mẹkáníìkì. Ará Calgary, mo ti gbọ́ ti onírin. Ní ti agbára ẹ́ńjìnnì, mo ti sanwó kí wọ́n tún un ṣe kí ó lè sáré sí i, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn tó ti lọ tẹ́lẹ̀ fi mí sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá wa, mo ti gbọ́.

Ará Portland:
Ọ̀gá, ó dà bí ẹni pé ẹ kò tíì ka ìwé òfin wọn tán. Mo ti jókòó gẹ́gẹ́ bí atọ́nà nínú irú ìdíje yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kékeré ni tèmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kì í ṣe eré àsápajúdé. Wọn yóò fún yín ní ìwé ọ̀nà, wọn yóò sì sọ ìwọ̀n eré tí ẹ gbọ́dọ̀ fi máa lọ ní apá kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í kọjá ohun tí òfin títì gbà. Àwọn tó ń ṣọ́ àkókò wà níbi tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá yára débẹ̀, àmì ìjìyà ń bẹ. Bí ẹ bá pẹ́, ó ń bẹ pẹ̀lú, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ ní máìlì 36 ní wákàtí kan, máìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà yín ní ìṣẹ́jú-àáyá 100 gééré. Kí ni ẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì alágbára ṣe níbẹ̀?

Ibi tí táyà yín ti kan ìdíje gan-an ni èyí: táyà tó bá ga ju ti àtijọ́ lọ, kódà díẹ̀, yóò mú kí ohun tó ń ka máìlì nínú ọkọ̀ máa parọ́. Bí irọ́ náà bá jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn 100 máìlì ẹ ti ṣìnà àkókò ní ìṣẹ́jú-àáyá 200 ní ìwọ̀n eré tí mo sọ yẹn. Nítorí náà, táyà tí ẹ ó fi lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ dè, kí ẹ tó wá wọn ọ̀nà. Atọ́nà ni yóò sì ṣe gbogbo ìṣirò yìí. Ta ni atọ́nà yín?

Ará Fairbanks:
Ọ̀rọ̀ gidi. Kí atọ́nà náà mọ̀ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní ibi púpọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Kí ẹ ní ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún kan, ìdíje yìí máa ń gba ọ̀nà Dempster ní Yukon. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà dé Eagle Plains jẹ́ kìlómítà 369, kò sì sí ilé epo láàárín. Ẹ kún táńkì, ẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì méjì dání, ṣùgbọ́n kí ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ o.

Ará Calgary:
Níbo ni kí ó wá gbé e sí? Bí ó bá gbé e sórí ọkọ̀, atẹ́gùn Dempster yóò máa ti ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi máa ń dè é mọ́ ẹ̀yìn inú ọkọ̀, mo sì wà láàyè.

Ará Fairbanks:
Ẹ wà láàyè nítorí pé kẹ́ẹ̀gì yín kò tíì jò. Ọkọ̀ tí a ti gbogbo wíńdò rẹ̀ pa, tí híítà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ni ẹ fẹ́ kó epo bẹntiróòlù sí? Kò sí ohun tí mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí níbẹ̀.

Ará Calgary:
Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì rí atẹ́gùn.

Olùkọ́ ìtàn, Winnipeg:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí n kín Ará Portland lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ atọ́nà. Corporal Dempster, ọlọ́pàá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà náà, ni ó rí òkú àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin tí Inspector Fitzgerald ṣáájú, ní oṣù kẹta ọdún 1911. Wọ́n gbéra láti Fort McPherson pé àwọn ń lọ sí Dawson. Ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà kò tíì rin ọ̀nà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, láti òdìkejì ni ó sì ti rìn ín. Wọ́n pàdánù odò tó yẹ kí wọ́n yà sí, oúnjẹ tán, wọn kò sì dé. Fitzgerald kò kó oúnjẹ púpọ̀ nítorí ó fẹ́ yára. Ọ̀gá, Ará Portland bi yín léèrè, ẹ kò dáhùn: ta ni atọ́nà yín?

Olùbéèrè:
Kí ló dé tí gbogbo yín ń bi mí nípa atọ́nà, nígbà tí ó jẹ́ pé táyà ni mo béèrè? Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Ó mọ ìṣirò ju èmi àti ẹ̀yin lọ, nítorí ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó wá kà ní Amẹ́ríkà. Kò sí àléébù lára rẹ̀.

Akọ̀wé ilé agbẹjọ́rò, Baltimore:
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ ní ó wá kàwé. Ìwé wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ wo ni yóò fi wọ Kánádà? Mo ń béèrè nítorí pé ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò fíṣà Kánádà, àyàfi bí ó bá ní green card Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì rántí pé Kánádà kì í gba ata olóró tí a fi ń fín ènìyàn lójú wọlé, bí ẹ bá ní i nínú ọkọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìṣúráǹsì yín pẹ̀lú bóyá ìwé wọn gba ìdíje tí a ń ka àkókò sí, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ sínú ìwé.

Olùbéèrè:
Ọmọ Amẹ́ríkà ni èmi, ìwé mi pé. Àbúrò mi ti fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi ìwé tí ó fi ń béèrè green card ránṣẹ́ sí ìjọba, ó ń dúró de ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Káàdì iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ni ó sì fún un. Ọkọ̀ ni a ó wọ̀, kì í ṣe bàlúù. Tacoma ni a ti ń gbéra, Alaska ni a ń lọ, Alaska kì í ha ṣe Amẹ́ríkà ni? Kánádà tó wà láàárín, a kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni.

Akọ̀wé ilé agbẹjọ́rò, Baltimore:
Mo dìde dúró níbi tí mo ti ń ka èyí. Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí ìwé green card rẹ̀ ṣì wà níwájú ìjọba, tó bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ tí wọ́n ń pè ní advance parole, ìjọba yóò kà á sí pé ó ti pa ìwé náà tì. Àwọn tó wà lórí fíṣà iṣẹ́ H-1B tàbí L-1 lè bọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ti àbúrò yín bí akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bá wá jẹ́. Bí ó bá ti kọjá ẹnubodè sí British Columbia, ó ti jáde nìyẹn, ì báà jẹ́ ọkọ̀, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì dé ẹnubodè Alaska, òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ni yóò pàdé yín níbẹ̀. Káàdì iṣẹ́ kì í ṣe àṣẹ ìrìnnà, àyàfi bí wọ́n bá kọ advance parole sí ara rẹ̀. Ẹ lọ wo káàdì náà.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀mí mi! Ìyàwó ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó mọ̀?

Olùbéèrè:
Mo ti wo ó. Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ó burú tó bí ẹ ti ń sọ ọ́, nítorí mo mọ ẹnìkan tó lọ sí Vancouver tó sì padà wálé láìsí wàhálà kankan.

Akọ̀wé ilé agbẹjọ́rò, Baltimore:
Ẹ kò mọ ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni náà. A lè tọrọ advance parole, ṣùgbọ́n ó máa ń gba oṣù, oṣù kejì sì ti sún mọ́lé; bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un, fíṣà Kánádà ṣì kù. Kí àbúrò yín pe agbẹjọ́rò rẹ̀ lónìí, kí ó má sì kúrò ní Amẹ́ríkà.

Mẹkáníìkì, Minneapolis:
Ọ̀gá, ẹ gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu.

Olùbéèrè:
Àbúrò mi ti pe agbẹjọ́rò rẹ̀. Ohun tí ẹ sọ ni ó sọ, ó sì fi ariwo kún un. Àbúrò mi ń bínú sí mi báyìí, ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èmi ni mo kọ òfin. Mo ti kọ̀wé sí àwọn olùdarí ìdíje náà láti mọ̀ bóyá a lè fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Ará Portland, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ìsinmi ní oṣù kejì?

Ará Portland:
Mo lè gba ìsinmi, green card sì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mi yóò parí ní oṣù kìíní, méjèèjì ni Kánádà sì ń béèrè pọ̀. Mo ń lọ wo ìgbà tí mo lè tún un ṣe, n ó sì dá yín lóhùn ṣáájú òpin ọ̀sẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ ra táyà onírin yẹn kí ẹ sì dè é. N kò ní wọn máìlì lórí táyà tí ẹ ó tún pààrọ̀.