Níbo ni “had” ti wúlò, níbo ni kò ti wúlò?

Ẹ kú ìjókòó o. Àṣìṣe tí mo ń rí jù nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: “I had gone to the market yesterday.” Kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn nítòsí rẹ̀ rárá. “Yesterday” ti sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, “I went” ti tó. “Ti” tiwa ló ń fa “had” wọlé níbi tí kò ti níṣẹ́.

Kí ẹ tó kọ “had”, ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó ti kọjá, kí ẹ wo èyí tó ṣáájú. Òun ló ni “had”. Èyí tó tẹ̀lé e á wà ní simple past, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe àtẹ̀yìnwá lásán tí kò ní “had”, bíi “went”. “When we arrived, the bus left”: a dé, ọkọ̀ gbéra lójú wa. “When we arrived, the bus had left”: a ò bá èéfín rẹ̀ pàápàá.

Tí ẹ bá to ìtàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, “He woke up, bathed and left”, ẹ má da “had” láàmú. “After” náà ti sọ èyí tó ṣáájú, torí náà “After she ate, she slept” àti “After she had eaten, she slept” tọ̀nà bákan náà. “By the time” ni kì í sábà gbẹ̀bẹ̀: “By the time the nurse came, the bleeding had stopped.”

---

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ló mọ ibi tí “had” ń gbé, àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e ló ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn. “Had went”, “had ate”, “had came”: kò sí èyí tó tọ̀nà níbẹ̀. Past participle, ìyẹn ìrísí kẹta ọ̀rọ̀-ìṣe (go, went, gone), ni “had” ń bá rìn: gone, eaten, come. “Had had” kì í ṣe àṣìṣe ní tirẹ̀: “She had had her lunch before we called.” Àkọ́kọ́ ń ran èkejì lọ́wọ́ ni.

Ẹ má sì fi “would have” sínú apá gbólóhùn tí “if” wà. “If I had known, I would have come” ni.

---

Tèmi ò pọ̀. Nínú àròkọ, tí ẹ bá padà sẹ́yìn sọ ohun àtẹ̀yìnwá, ẹ fi “had” kan tàbí méjì ṣílẹ̀kùn, kí ẹ wá bá simple past lọ: “Her brother had travelled to Ghana in 2009. He sold cloth there and sent money home.” “Had” mẹ́wàá nínú ìpínrọ̀ kan, ó ti sú òǹkàwé kó tó dé ìdajì.