Kókó lára ajá: ṣé sínǹkì àti selenium lè mú un lọ?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ń fọwọ́ ra ajá mi lára lálẹ́ àná ni ọwọ́ mi bá kan kókó kan ní ìhà rẹ̀, kò ju ẹ̀wà lọ. Ẹnìkan ní kí n máa fún un ní hóró sínǹkì àti selenium, àwọn èròjà tí ara ń fẹ́ ní ìwọ̀nba, pé wọ́n lé kókó ajá tòun lọ láàárín oṣù méjì. Ṣé ẹ ti gbìyànjú ẹ̀ rí?

Bọ̀dá Wálé: Àbúrò, ọmọ ọdún mélòó ni ajá ẹni yẹn? Ajá tí kò tíì pé ọdún 3 máa ń yọ kókó pupa kan tí wọ́n ń pè ní histiocytoma. Fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń lọ láàárín oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń fún un ní sínǹkì lásìkò yẹn á ní sínǹkì ló ṣe é!

Màmá Ìbejì: Òótọ́ ni o. Sínǹkì wúlò fún awọ, n kò jiyàn. Tó bá wọ́n lára irú ajá tí wọ́n ń pè ní Husky, èépá líle ló máa ń hù yí ojú àti ẹnu rẹ̀ ká, kì í ṣe kókó. Àmọ́ àpọ̀jù rẹ̀ ńkọ́? Ajá tèmi jẹ odidi ike ìpara tó ní sínǹkì nínú. Ó bì títí, erìgì rẹ̀ funfun báláú, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n: sínǹkì ti ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó kú. Ti selenium tún le ju ìyẹn lọ, ìwọ̀n tó tó àti èyí tó pọ̀ jù kò jìnnà síra.

Àdùkẹ́: Ha! Irú ajá tí wọ́n ń pè ní Boxer ni tèmi, ọmọ ọdún 8. Kókó náà rọ̀, mo rò pé ọ̀rá lásán ni.

Bọ̀dá Wálé: Boxer kẹ̀? Mast cell tumour wọ́pọ̀ lára wọn, jẹjẹrẹ sì ni. Òun náà lè rọ̀ bí ọ̀rá, ìka ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Jẹ́ kí dókítà ẹran fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín fa díẹ̀ níbẹ̀, kó fi maikirosíkóòpù wò ó. Má máa tẹ̀ ẹ́ o! Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ histamine wà nínú ẹ̀, bó bá tú jáde, ojú ibẹ̀ á wú, á sì pọ́n. Fi rúlà wọ̀n ọ́n, ya fọ́tò rẹ̀, kọ ọjọ́ sí i. Ṣé o ti fún un ní nǹkan?

Àdùkẹ́: Hóró méjì péré, sà.

Màmá Ìbejì: Gbé ike hóró náà dání lọ, kí dókítà rí ohun tó wà nínú ẹ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé, mà. Mo ti wọn kókó náà, mílímítà 9 ni. Wọ́n ní ká wá lọ́jọ́bọ̀.