Ṣíì tó dágún: lórí orúkọ àìsàn tí oògùn Yueju wan ń wò

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún páálí oògùn Ṣáínà, ìtumọ̀ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ fún ohun tí àwọn oníṣègùn Ṣáínà ń pè ní qi zhi, ìyẹn ni pé qi, ohun tí wọ́n gbà pé ó ń ṣàn nínú ara, kò lọ mọ́. Ẹnì kan ní ká pè é ní àṣẹ dídúró, ẹlòmíràn ní ẹ̀mí dídì, ẹni kẹta ní gáàsì inú. Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ Yueju wan, oògùn hóró ilẹ̀ Ṣáínà tí a torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Àṣẹ ni ohun tí a fi ń sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ ṣẹ. Kì í kún inú lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kì í sì í bá gùfẹ̀ jáde. Ní ti ẹ̀mí, bí a bá kọ ọ́ sára páálí oògùn pé ẹ̀mí aláìsàn dì, ẹni tó kà á yóò rò pé ẹni náà ti ń kú lọ ni. Gáàsì ló sún mọ́ ọn jù, òun náà ni mo sì bẹ̀rù jù. Lóòótọ́, ẹni tí qi rẹ̀ kò lọ dáadáa, inú rẹ̀ á wú, ìrora á máa ṣí kiri, bí ó bá sì gùfẹ̀ tàbí tó só, ara á tù ú díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń fi orúkọ kan náà pe ọmú tó ń le kí nǹkan oṣù tó dé, àti nǹkan tó dà bí ẹni há sí ọ̀fun tí kò ṣeé gbé mì, tí kò ṣeé pọ̀. Gáàsì wo ló wà níbẹ̀?

Nínú èdè Ṣáínà, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ojú ọjọ́, tianqi. Nínú afẹ́fẹ́, kongqi. Nínú agbára, liqi. Àti nínú ìbínú, shengqi. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó lè gbé gbogbo ẹrù yìí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yá a lò. A ti sọ China di Ṣáínà, a sọ church di ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà kan náà ni qi yóò gbà di ṣíì. Ẹni tó ní yóò dà bí ṣí tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn, ohùn ìsàlẹ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Zhi ló yẹ ká jà sí. Èyí kò nílò àyálò rárá, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa: dágún. Omi tó ń lọ ni a ní ó ń ṣàn, èyí tó dúró lójú kan ni adágún. Àmì omi, ẹ̀kán mẹ́ta, ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ zhi, 滞, nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Ẹ má ṣe lo dídì, nítorí ẹ̀jẹ̀ la óò nílò rẹ̀ fún: yu ni wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ tó dì, àmì rẹ̀ ni ìrora tó dúró sójú kan tó ń gún bí abẹ́rẹ́, kì í ṣe èyí tó ń ṣí kiri. Ẹ má sì lo dídí, torí gọ́tà tó dí, nǹkan kan ló dí i, àmọ́ ṣíì lè dágún láìsí ohun kan lọ́nà rẹ̀, bí ìbínú àgbémì bá ti pẹ́ nínú. Ní ti oúnjẹ, a ti ní tiwa: oúnjẹ tí kò dà.

Iṣẹ́ oògùn náà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ya ara wọn. Ọ̀dọ̀ Zhu Danxi, oníṣègùn ará Yiwu ní Zhejiang tó gbé ayé láti 1281 dé 1358, ló ti wá. Ohun mẹ́fà ló ní ó máa ń há sára ènìyàn: ṣíì, ẹ̀jẹ̀, ọ̀rinrin, iná, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oúnjẹ. Èlò márùn-ún ló fi kojú wọn. Xiangfu wà fún ṣíì, chuanxiong fún ẹ̀jẹ̀, cangzhu fún ọ̀rinrin, zhizi fún iná, shenqu fún oúnjẹ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò ní tirẹ̀, torí wọ́n gbà pé bí àwọn yòókù bá ti ń lọ, òun náà á túká. Bí a bá wá pe gbogbo wọn ní gáàsì, kí ni a fẹ́ sọ pé chuanxiong ń ṣe níbẹ̀?

Xiangfu kò jìnnà sí wa. Cyperus rotundus ni, ọmọ ìyá òfio, koríko tí àgbẹ̀ ń ro tó tún ń hù padà, torí àwọn kókó rẹ̀ so mọ́ra wọn nísàlẹ̀ ilẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Fínígà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀: 20 gíráàmù fínígà sí 100 gíráàmù xiangfu, kí wọ́n dà á pọ̀, kí wọ́n bò ó títí yóò fi mu fínígà náà tán, kí wọ́n tó yan án lórí iná jẹ́jẹ́. Bí iná bá pọ̀ jù, òróró olóòórùn inú rẹ̀ á bá èéfín lọ, oògùn ṣíì kò sì sí mọ́. Wọ́n ní kíkan ń gbé oògùn lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń mú ṣíì ṣàn, ìbínú ló ń bà á jẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe bá ẹ̀dọ̀ fùfù tiwa mu, àti bí a ṣe ń ní kí ènìyàn fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹró. Ẹ̀dọ̀ àti òróǹró náà ni wọ́n so pọ̀ lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, àkànlò èdè ni tiwa, ìlànà ìṣègùn ni tiwọn, ká má ṣe fi ọ̀kan ṣe ẹ̀rí fún èkejì.

Nínú ìwé ìlànà oògùn ìjọba Ṣáínà, 200 gíráàmù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan márààrún. Wọ́n á yan zhizi kí òtútù tí wọ́n gbà pé ó ń mú wọ ara lè dín kù, wọ́n á yan cangzhu àti shenqu náà, wọ́n á lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi yí i ní hóró kéékèèké, wọ́n á sì sá a gbẹ. Èyí tí kò gbẹ dénú yóò bu. Ìdí nìyí tí àgúnmu tí ẹnì kan fi túmọ̀ wan kò fi tọ̀nà. San ni àgúnmu, tang ni àgbo, wan sì ni hóró. Bí ẹ bá kọ àgbo sára rẹ̀, ẹnì kan yóò sè é títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán. Gíráàmù 6 sí 9 ni lílò rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Mo dábàá amúṣíìṣàn fún irú oògùn yìí lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ká ṣọ́ra pẹ̀lú po qi, fífọ́ ṣíì, iṣẹ́ tó le ju mímú un ṣàn lọ: èèpo ọsàn tó ti pọ́n, chenpi, ń tò ṣíì sọ́nà, èèpo èyí tí kò tíì gbó, qingpi, ń fọ́ ọ. Afọ́ṣíì ni kí a pe ìyẹn, kó má baà dà bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ohun tó yẹ kó wà lára páálí nìyí: kì í ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ ti rù tí inú rẹ̀ kò ní agbára, aláboyún àti ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà, torí chuanxiong ń mú ẹ̀jẹ̀ rìn, kì í ṣe oògùn àlòpẹ́ ọdún, torí zhizi tí àwọn kan lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun wọn jẹ́. Ẹni tó ń yàgbẹ́ dúdú, tàbí tí oúnjẹ kò ṣeé gbé mì fún mọ́, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Ó ku kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Tan ni wọ́n ń pè é, ó sì gbòòrò ju ohun tí à ń pọ̀ jáde lọ: òòyì ojú àti kókó abẹ́ awọ náà wà nínú rẹ̀. Mi ò fara mọ́ kí a yá a lò bíi ṣíì, torí tán lára páálí oògùn yóò dà bí ìgbà tí oògùn ti parí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kó ṣì jẹ́, pẹ̀lú àlàyé gbólóhùn kan níbi tó bá ti kọ́kọ́ jáde.