"Borrow" àti "lend": kí ló dé tí "borrow me your biro" fi jẹ́ àṣìṣe?

Àkànkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC ṣì ń kọ "Please borrow me your biro" àti "I lent ₦5,000 from her". Wọ́n ti há a sórí pé gbígbà ni ọ̀kan, fífúnni ni èkejì, síbẹ̀ wọ́n ń ṣì í. Ọ̀nà wo ló dájú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi "steal" àti "rob" kún un.

TísàÀgbà: "Yá" ló ń fa wàhálà yìí. Ẹni tó mú nǹkan sílẹ̀ yá, ẹni tó gbà á náà yá. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò da wọ́n pọ̀ o. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "yá" la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀:

Bọ́lá yá ìwé lọ́wọ́ Títí: Bola borrowed a book from Titi.
Bọ́lá yá Títí ní ìwé: Bola lent Titi a book.

Ẹ ní kí ọmọ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá. Bí nǹkan bá tẹ̀ lé "yá", tí "lọ́wọ́" sì wà níwájú, "borrow" ni. "Lọ́wọ́" yẹn ló máa di "from". Bí èèyàn bá tẹ̀ lé "yá" tààrà, "lend" ni. "Yá mi ní báírò rẹ": "mi" ló tẹ̀ lé e, torí náà "Lend me your biro".

Ibi tó ti ń dojú rú ni "yá mi lówó". "Ní owó" ló di "lówó" níbẹ̀, kì í ṣe "lọ́wọ́". Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n tó kọ ohunkóhun.

"Lend" lè gba èèyàn àti nǹkan pọ̀: "lend me your biro" tàbí "lend your biro to me". "Borrow" kì í gba èèyàn bẹ́ẹ̀. "Borrow me" á túmọ̀ sí pé kí wọ́n gbé èmi fúnra mi lọ, kí wọ́n dá mi padà tó bá yá. Gbólóhùn ₦5,000 yẹn á di "I borrowed ₦5,000 from her" tàbí "She lent me ₦5,000". "Lent" ni o, kò sí "lended".

ỌmọẸ̀gbá: Àfikún díẹ̀. Ní Wisconsin àti Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń sọ "borrow me" lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ nínú ìdánwò ti pàdánù máàkì. "Loan me" wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà náà. Nínú ìwé tiwa, "lend" ló láàbò jù.

Ohun tí a kò lè gbé kúrò níbi tó wà, "use" la ń lò fún un: "May I use your toilet?" Èyí tí a kò ní dá padà, bíi omi inú ọ̀rá, "have" ni: "Can I have a sachet of water?" Iyọ̀ tàbí ṣúgà tí a máa fi òmíràn dí, tí àwọn àgbà ń pè ní "wín", "borrow" náà ni.

"Rent" náà ń ṣe bíi "yá" tiwa: onílé lè "rent", ayálégbé náà lè "rent". Ẹ fi "out" sí ti onílé, "from" sí ti ayálégbé, ọ̀rọ̀ á yanjú.

Atúmọ̀: Ti "steal" àti "rob" kò le rárá, torí Yorùbá ti là á. Ohun tí wọ́n jí ló ń tẹ̀ lé "steal": "They stole my phone". Ẹni tàbí ibi tí wọ́n jà lólè ló ń tẹ̀ lé "rob": "They robbed the bank". "They stole me" túmọ̀ sí pé wọ́n jí mi gbé!

Àkànkẹ́: Ẹ ṣé gan-an. "I was robbed my phone" ńkọ́?

Atúmọ̀: "Of" ló sọnù níbẹ̀. "I was robbed of my phone", tàbí "My phone was stolen". Tó bá jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ lápò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ẹ lo "stolen". "Robbed" sábà máa ń ní ipá tàbí ìhalẹ̀ nínú.