Mo ti ti Lọ́ńdọ̀nù dé o: àbọ̀ ìbéèrè mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bi yín bí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ẹ̀ ṣe lè rìn kiri Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ méjì, àti bóyá kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì olójúmọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má rà á, ẹ ṣeun. Káàdì báńkì ni mo ń fi kan ẹ̀rọ ẹnu géètì ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Tí owó ọkọ̀ bá ti dé iye kan lóòjọ́, wọn kì í yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ṣe ara mi: fóònù ni mo fi wọlé, káàdì ni mo fi jáde. Àkáǹtì kan náà ni o! Ẹ̀rọ kà wá sí èèyàn méjì, ó sì gé owó gọbọi lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti bọ́ọ̀sì, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé nìkan lẹ máa kàn án. Láti 2014 ni wọn ò ti gba owó bébà tàbí owó ẹyọ lọ́wọ́ èrò mọ́.

British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Wákàtí kan ni mo fọkàn sí, mẹ́rin ni mo lò. Iwájú ère orí Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní 1938 ni ẹsẹ̀ mi ti kọ̀, kò lọ mọ́. Ilà tín-ín-rín gba gbogbo ojú rẹ̀ wá sílẹ̀. Ètè nìkan ni wọn ò fà á sí.

Greenwich, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo fi sí ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Òjò lé mi padà. Ìbéèrè mi ti parí, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́.