Ẹ gbà mí o, ímeèlì ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà ilé wa àmọ́ kì í jáde

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo wà. Mo ra kọ̀ǹpútà fún bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló máa ń fi fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí wọn, ojú wọn ò sì gbé lẹ́tà wínníwínní orí fóònù mọ́, ni mo bá fi Thunderbird, ètò tí wọ́n fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, sí i kí wọ́n lè máa kà á gàdàgbà.

Lẹ́tà ń wọlé dáadáa. IMAP ni mo lò, ìyẹn ọ̀nà tó ń jẹ́ kí lẹ́tà kan náà hàn lórí gbogbo ẹ̀rọ, imap.gmail.com, port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 993, torí mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ṣì wà lórí fóònù wọn náà. Ìjáde ni wàhálà. Port 25 ni mo kọ́kọ́ fi sí smtp, ìyẹn ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde, á kàn máa yí ṣáá ni. Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ájílósùn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń dí ibẹ̀ torí àwọn tó ń fọ́n lẹ́tà jìbìtì ká, mo wá yí i sí 587 pẹ̀lú STARTTLS tó ń dáàbò bo lẹ́tà lójú ọ̀nà, ó béèrè password, èyí tí wọ́n fi ń wọ Gmail gan-an ni mo tẹ̀, kò gbà á.

Ṣé OAuth2 (kí wọ́n wọlé lójú ewé Google fúnra ẹ̀) ni kí n yàn ni àbí kí n tan 2-step verification (ìdánimọ̀ onígbèésẹ̀ méjì) kí n gba app password oní-lẹ́tà 16 yẹn, ìyẹn password ọ̀tọ̀ fún ètò kan? Èwo ni kò ní da bàbá láàmú tí mi ò bá sí nílé? Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi tẹ èsì fún ọmọ-ọmọ wọn, odidi ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà, ọjọ́ mẹ́ta rèé tó ti wà nínú Outbox. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí kó là mí lọ́yẹ̀.